Iná Ìjù Ní Ìjánu Tẹ́lẹ̀ Rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti mú títí di ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ní ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire ni ó ń fi iná sí ẹ̀yìnkùlé sùn. Bí ènìyàn bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlè, tí ó rí eérú dúdú wẹ́wẹ́ lórí aṣọ tí a sá sí àgbàlá, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè pé kí ni. Màjàlà ni. Iná wà lóko, màjàlà sì ti gbé ìròyìn rẹ̀ wálé. Ohun tí màjàlà kò lè sọ ni ẹni tí ó tan iná náà, ìdí tí ó fi tàn án, àti ibi tí iná yóò kú sí. Nígbà kan rí, àdúgbò ti mọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kí iná tó ràn. Lónìí, màjàlà nìkan ni ó kù tí ń kéde.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí rédíò pé kí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ yé dáná sungbó. Wọn a ní àṣà burúkú tí a jogún ni. Olùkọ́ a tún un sọ fún ọmọ ilé-ìwé, ọmọ ilé-ìwé a kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀, a sì dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn baba ńlá òun kò mọ̀ ju kí wọ́n ṣáná sí koríko kí wọ́n sì dúró máa wò ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni a jogún iná, ṣùgbọ́n a jogún ìjánu pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó di iná mú tí wọ́n sọ ìjánu nù.

Ohun Tí Ọyẹ́ Ń Ṣe

Kí ọ̀rọ̀ ìjánu tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ojú ọjọ́ ti ń rí ní àkókò náà. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Bélú títí wọ oṣù Èrèlè, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni à ń pè ní ọyẹ́. Eruku lẹ́búlẹ́bú ni ó ń gbé bọ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí eruku náà ti ń wá ni Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ní ìgbà láéláé. Bí ọyẹ́ bá mú, ètè a bó, gìgísẹ̀ a sán, ẹnu ọ̀nà onígi a sún kì. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ètè ènìyàn náà ni ó ń ṣe sí koríko. Koríko ọ̀dàn tí ó ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò a pọ́n, a sì gbẹ láti orí dé ìdí. Ìràwé a bo ilẹ̀ igbó. Bí ó bá fi máa di ìparí Èrèlè àti ìbẹ̀rẹ̀ Ẹrẹ́nà, àwọn àdúgbò bí Òkè-Ògùn ti lè lo oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí òjò gidi.

Àkókò yìí gan-an ni ooru ń mú jù lọ nínú ọdún. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin láti òkun ti ń padà bọ̀ láti gúúsù, òun àti ọyẹ́ a sì máa bá ara wọn du ilẹ̀. Nínú ìdu yìí ni ìjì líle tí í ṣíwájú àkọ́rọ̀ ti ń jáde. Ìjì a kọ́kọ́ fẹ́, òjò a tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìjì a fẹ́ tán, ẹ̀kán omi kan kò sì ní bọ́. Ẹni tí ó bá tan iná ní ọ̀sán irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó gbójú lé òjò pé yóò bá òun pa á, oko ẹlòmíràn ni ó fi ta tẹ́tẹ́.

Iṣẹ́ oko sì ni ó ń lé àgbẹ̀ sí àárín ewu náà. Igbó tí a ṣán kò lè jó àfi bí ó bá gbẹ. Bí àkọ́rọ̀ bá sì ti rin pàǹtí rẹ̀, kò ní jó dáadáa mọ́, ebè kíkọ yóò di ìnira, àgbàdo àkọ́gbìn yóò sì pẹ́. Nítorí náà, gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò ni ó ń fẹ́ tan iná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kan náà, àwọn ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀ gbẹ jù lọ. Àwọn ará àtijọ́ mọ èyí. Wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jó oko, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ètò ni wọ́n ṣe fún iná.

Iná Tí A Kéde

Ní oko, ètò náà bẹ̀rẹ̀ láti orí fífi tó aládùúgbò létí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jó oko a sọ fún àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà, wọn a sì jọ dá ọjọ́. Kí iná tó kan ilẹ̀, wọn a ti ro etí oko náà yí ká, wọn a gbá ìràwé ibẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn, kí iná tí ó bá dé ibẹ̀ má rí ohun jẹ. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ dorí kọ ni wọn a kọ́kọ́ ti iná bọ̀, kí ó lè máa jó padà wá díẹ̀díẹ̀ ní ìlòdì sí afẹ́fẹ́. Nígbà tí ibẹ̀ bá jó tó, ni wọn yóò tó tan apá kejì, kí iná méjèèjì lè pàdé láàárín oko kí wọ́n sì pa ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ a dúró yí ká pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́ àti omi nínú kèrègbè. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn àgbà ń fẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ti ń dákẹ́. Wọn kì í sì í kánjú lọ sílé kí èéfín tó tán lára kùkùté. Yorùbá ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ẹni tí ó kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, pé ọmọ rẹ̀ di arọ́pò bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá dúró ti kùkùté mọ ìtumọ̀ mìíràn tí ó ní. Iná lè fi eérú bojú kí ó má tíì kú.

Iná ọdẹ tóbi ju ti àgbẹ̀ lọ, nítorí náà ni ìjánu tirẹ̀ fi le jù. Bí àwọn ọdẹ bá fẹ́ dáná sun ìjù kí ẹran lè jáde, iṣẹ́ ẹnìkan kọ́ ni. Olórí ọdẹ ni ó ń dá ọjọ́, a ó sì kéde rẹ̀ kí ẹlẹ́mu, aṣẹ́gi àti ẹni tí ń já ewé má bàa há sínú ìjù lọ́jọ́ náà. Olúkúlùkù ọdẹ a mọ ibi tí òun yóò dúró sí, àti ẹni tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì òun. Bí iná bá fò kọjá ibi tí a dá a dúró sí, gbogbo wọn ni yóò jọ pa á, nítorí gbogbo wọn ni a mọ̀ pé wọ́n jọ tàn án.

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Bẹẹrẹ ni koríko tí a fi ń bo ilé láyé àtijọ́. Ọdún Bẹẹrẹ sì ni ọdún tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń gbé koríko náà wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn tí ó ka ọdún yìí sí ìṣákọ́lẹ̀ lásán kò wo apá kejì rẹ̀. Ọ̀dàn tí a óò ti gé bẹẹrẹ, iná kò gbọdọ̀ ṣíwájú dòjé débẹ̀. Ẹni tí ó bá sun ún kí a tó gé e, òrùlé ìlú ni ó sun. Nígbà tí iná bá wá dé lẹ́yìn gígé, ohun tí yóò jẹ ti dínkù. Ìlú ń bo ilé, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ iná lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí Ìjánu Ṣe Já

Ìjánu yìí kò já lọ́jọ́ kan. Páànù dé, kò sì sí ẹni tí ó tún ń wá bẹẹrẹ mọ́. Koríko tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ń gé lọ́dọọdún wá ń dúró gbẹ ní etí ìlú títí di Ẹrẹ́nà, ó ń retí ẹni tí yóò ṣáná sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé ewé tútù dúró yí oko ká ti lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Àgbàlagbà kan ṣoṣo pẹ̀lú àdá ni ó kù láti jó oko tí ènìyàn mẹ́wàá ń jó tẹ́lẹ̀. Ọdẹ púpọ̀ ń dá lọ, wọ́n ń dá bọ̀, wọn kò sì sí lábẹ́ olórí ọdẹ kankan. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ fún ọdún kan péré láti fi dáko kò mọ orúkọ ẹni tí ó ni oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò lọ dá ọjọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a di ẹ̀bi náà ru ẹ̀yà tàbí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Darandaran ń sun koríko gbígbẹ kí ewé tútù lè hù fún màlúù rẹ̀. Ẹni tí ń sun igi di èédú ń fi ẹbu rẹ̀ sílẹ̀ lọ sùn. Ẹni tí ń fi iná lé oyin ń ju ìtùfù sílẹ̀ sá lọ. Èrò ọkọ̀ ń ju ìdí sìgá sínú koríko etí títì. Onílé ìgboro tí ó kàwé dáadáa náà ń jó pàǹtí lẹ́yìn ilé ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ohun kan ni gbogbo wọn fi jọra: olúkúlùkù ń dá iná tirẹ̀ tàn.

Ìdájọ́ Olókeméjì

Ìwádìí àwọn onímọ̀ igbó ti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lẹ́yìn. Ní 1929, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nínú igbó ọba Olókeméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala mẹ́ta. Wọ́n ń sun abala kan lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì wà nínú koríko. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, abala tí iná kò dé ti ń padà di igbó. Èyí tí a ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ní igi púpọ̀ nínú. Èyí tí a ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá koríko tí igi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí i. Àkókò iná ni ó yà wọ́n.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó rò pé gbogbo iná ni ọ̀kan. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ koríko, ó sì ń fi igi sílẹ̀. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ igi pẹ̀lú gbòǹgbò ọjọ́ iwájú rẹ̀. Àwọn igi ọ̀dàn bí èmi àti igbá ní èèpo tí ó nípọn, wọ́n lè la iná já. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n ń yọ òdòdó. Bí iná ńlá bá gba abẹ́ wọn kọjá nígbà náà, igi lè má kú, òdòdó rẹ̀ a rẹ̀ dànù. Obìnrin tí ń ṣe òrí àti èyí tí ń ṣe irú ni yóò mọ̀ ọ́n lára ní oṣù díẹ̀ sí i.

Ti kòkó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí igi igbó ni, kò mọ iná rí. Kòkó kì í so kí ó tó pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, ó lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún. Òru kan ṣoṣo ni iná nílò láti pa á. Ní ìparí 1982 wọ 1983, nígbà tí ọ̀dá mú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, iná jó oko kòkó lọ bẹẹrẹbẹ ní ilẹ̀ Gánà, ó sì jó ti àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní Gánà, kòkó tí wọ́n kó ní ìkórè 1983 sí 1984 kò ju nǹkan bí 159,000 tọ́ọ̀nù lọ, ní ilẹ̀ tí ó ti kó ju 500,000 lọ ní ọdún kan láàárín 1960 sí 1970. Iná nìkan kọ́ ni ó fà á, nítorí owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kòkó náà ti kéré jù. Ṣùgbọ́n iná ni ó sọ ìnira di àjálù.

Òfin Nìkan Kò Tó

Ìjọba Gánà ṣe òfin lórí iná igbó ní 1983, wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 1990. Síbẹ̀, iná igbó kò kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, tí a ń pè ní Dàhòmì títí di 1975, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, òfin igbó ti 1993 ya iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìparí rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí ó gbà pé iná yóò wà, ó sì ń bèèrè ìgbà wo. Òfin tí ó kàn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tan iná ń sọ àgbẹ̀ di olè nínú oko ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń fi iná pamọ́ kò ní pe aládùúgbò wá bá a ṣọ́ ọ. Yóò ṣáná ní kọ̀rọ̀, yóò sì gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin tí a ṣe láti dín iná kù lè pa ìkéde tí ó ṣẹ́ kù.

Kò yẹ kí a purọ́ mọ́ àtijọ́ o. Iná ṣọṣẹ́ láyé àwọn baba náà. Òwe tí ó ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, fi hàn pé ààfin pàápàá ń jó. Ṣùgbọ́n ọba ní ìlú tí yóò bá a kọ́ ilé rẹ̀. Opó tí oko kòkó rẹ̀ jó ní Èrèlè, ta ni yóò bù ẹwà sí tirẹ̀? Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fi gbọ́dọ̀ tún ìjánu ṣe.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára wa lọ. Kí àwọn ọba àti baálẹ̀, pẹ̀lú olórí ọdẹ àti olórí àgbẹ̀, jókòó ní ìparí oṣù Bélú. Kí wọ́n pín àdúgbò, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí a óò sun koríko etí ìlú, etí ilé-ìwé àti etí oko kòkó, kí oṣù Ọ̀pẹ tó parí, nígbà tí iná ṣì ṣeé pa pẹ̀lú ewé. Kí olúkúlùkù tí yóò jó oko lẹ́yìn náà sọ fún aládùúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó sì ro etí oko rẹ̀ yí ká. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan iná ní ọ̀sán, tàbí ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ kíkankíkan. Kí a pe darandaran àti aṣèédú sí ìpàdé náà, nítorí ẹni tí a kò pè kò lè mọ ọjọ́ tí a dá. NiMet, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń sọ lọ́dọọdún ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí a máa ka ìròyìn yìí sétí àwọn àgbẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí àwọn àgbà sì fi ìmọ̀ tiwọn kún un. Bí iná bá sì fò, kí ẹni tí ó tàn án san ohun tí ó bàjẹ́ níwájú àwọn tí ó bá a dá ọjọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Iṣẹ́ ṣì kù fún ilé-ìwé. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjù, ọ̀dàn àti igbó, tí kò mọ ìràwé, tí kò mọ àkọ́rọ̀, yóò ṣòro fún un láti mọ ibi tí kò yẹ kí ó ti ṣáná. Kí olùkọ́ mú àwọn ọmọ jáde lọ sí etí ọgbà ilé-ìwé ní oṣù Ọ̀pẹ, kí ó pe àgbẹ̀ kan tí ó mọ iṣẹ́ wá fi bí a ti ń ro etí oko hàn wọ́n, kí ó sì fi orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan lé wọn lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan ni. Ó sàn ju àròkọ tí yóò bú baba wọn lọ.

Ọyẹ́ yóò tún dé, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Koríko yóò tún gbẹ, àgbẹ̀ yóò sì tún fẹ́ jó oko. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu ìlú ṣíwájú màjàlà dé ilé lọ́dún tí ń bọ̀.